Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Àbúdù Sọ

Ní ọjà Hédzranawoé, ní ìlú Lomé, bí ènìyàn bá kọjá ìlà àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì àti àga tó ti òkèèrè wá, tó sì béèrè ọkùnrin tó ń fi etí tún rédíò ṣe, kò sẹ́ni tí kò ní nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù Rídúwánù Bàlògún. Orúkọ náà tọ́ sí i. Àwọn yòókù tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ a kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣe é. Rídúwánù ní tirẹ̀, yóò ní kí oníbàárà tan ẹ̀rọ, yóò dijú, yóò tẹ́tí díẹ̀, yóò sì sọ pé, "Sípíkà apá òsì ti ya," tàbí, "Ẹnu wáyà kan ti jó níbì kan." Tí wọ́n bá tú u, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò bá a.

Ṣakí ni bàbá rẹ̀ ti wá. Lomé ni wọ́n bí Rídúwánù sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Nàfísátù, ibẹ̀ ló sì ti bí ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, Àìná, tó ń ṣiṣẹ́ báyìí ní Cotonou. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni nígbà tí ohun tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí i.

A kò lè sọ̀rọ̀ Rídúwánù ká má dárúkọ Àbúdù. Ará Pobè ni Àbúdù, ní ilẹ̀ Benin. Ó fi ọdún mẹ́fà ju Rídúwánù lọ, ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n ń kó ti ìlú òyìnbó dé ló sì ń tà. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Rídúwánù kò ní ju àpótí irinṣẹ́ kan lọ, tó ń jókòó sínú oòrùn lẹ́bàá ọ̀nà, Àbúdù ló pín ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí méjì, ó fi pákó dá a láàárín, ó ní, "Àbúrò, wọlé, oòrùn yìí á pa ọ́." Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń ṣínu nínú abọ́ kan náà lásìkò àwẹ̀. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, ó mọ̀ pé èkejì yóò bá òun ṣílẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n" ni Rídúwánù ń pè é. Kò fìgbà kan rí sọ "ìwọ" sí i.

Ọdún Iléyá tó kọjá ni Àìná ra télé pẹlẹbẹ ńlá kan ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ nílé wọn ní àdúgbò Cacaveli. Àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú agolo. Rídúwánù kò sì lè gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ohùn burúkú. Ó ní ámpílí àtijọ́ kan tó ti tún ṣe títí, tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ibi tí wáyà inú rẹ̀ gbà, àti sípíkà méjì tó ga dé ìbàdí, tó fi igi ìrókò ṣe àpótí wọn. Inú àwọn wọ̀nyí ló fẹ́ kí ohùn télé máa gbà jáde. Àmọ́ nígbà tó yí ẹ̀yìn télé náà wò, kò rí ihò pupa àti ihò funfun tó ti mọ̀ láti ìgbà èwe. Ihò kékeré onígun mẹ́rin kan ló rí, tí iná pupa ń tàn nínú rẹ̀.

"Convertisseur lo máa lò," ni Àbúdù wí fún un lọ́jọ́ kejì. Ó na àpótí dúdú kékeré kan sí i, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ, tí wọ́n kọ DAC sí lára. "Ohùn inú télé ayé ìsinsìnyí, òǹkà lásán ni, ẹyọ kan àti òdo, ẹyọ kan àti òdo. Ámpílí rẹ kò gbọ́ èdè yẹn. Àpótí yìí ló máa gba òǹkà náà, á sọ ọ́ di ohùn fún un."

Rídúwánù rẹ́rìn-ín. "Ògbufọ̀ lẹ tà fún mi nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n."

"Ògbufọ̀ ni. Bí kò bá wá dún, má tú u o. Inú télé ni kó o ti wá ìdí rẹ̀."

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Rídúwánù jókòó tì í. Ó yọ ìdérí ọ̀rá kéékèèké tó wà ní orí méjèèjì wáyà tó bá àpótí náà wá, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀, nítorí ó ti rí àwọn tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tí wọ́n wá ń bú wáyà. Ó ti orí kan bọ ẹ̀yìn télé, ó gbé orí kejì síwájú ojú, ó rí i tí ìmọ́lẹ̀ pupa yọ níbẹ̀. Ó tì í bọ inú àpótí náà títí tó fi mú. Ó mú wáyà olórí méjì, ó fi pupa sínú pupa, funfun sínú funfun, ó so ìdí wọn mọ́ ámpílí. Ó fún àpótí náà ní iná. Ó yí ohùn ámpílí wálẹ̀ pátápátá kó má baà fa sípíkà ya, ó tan télé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn náà sókè díẹ̀díẹ̀.

Kò dún.

Kò bínú. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, torí pé ìdí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ti ń jẹun láti ogójì ọdún. Ó rántí ọ̀rọ̀ Àbúdù. Ó mú rìmóòtù, ó wọ inú ètò télé, ó ń ka Faransé rẹ̀ lọ títí ó fi dé ibi tí wọ́n kọ "sortie audio" sí, ìyẹn ibi tí ohùn ń gbà jáde. Ó rí i pé "Auto" ni wọ́n fi í sí. Ó yí i sí "PCM", irú òǹkà tí àpótí náà gbọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn kún pálọ̀.

Nàfísátù jáde láti ilé ìdáná, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Ẹ ti rí i ṣe?"

"Jókòó," ni Rídúwánù wí. "Jókòó kó o gbọ́ orin."

Ó ki clé USB rẹ̀ bọ télé, èyí tó da orin àpàlà inú káàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àtijọ́ sí. Ó dijú bó ti máa ń ṣe. Orin bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn díẹ̀, ó la ojú.

"Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dà?"

"Ó wà níbẹ̀," ni Nàfísátù wí.

"Kò sí níbẹ̀. Orin yìí, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ṣáájú nínú rẹ̀. Ohùn yìí ti kú. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ òtútù bo sípíkà lórí."

Nàfísátù fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa ẹnu mọ́. Rídúwánù rò pé kò mọ̀ nípa ohùn ni. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó gbé sípíkà mìíràn wá. Ó yí bọ́tìnnì tó ń mú ohùn tínínrín jáde lára ámpílí, ó yí i dé òpin. Títí tí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù, kò rí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé àpótí náà padà. Àbúdù so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n nítorí Rídúwánù ni, ó fún un ní òmíràn. Bákan náà ni ti òmíràn náà rí. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Rídúwánù tún dé, ojú rẹ̀ ti le. Àbúdù so ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó pe Clémentine, obìnrin tó ń ta àga ní òdìkejì wọn, pé kó wá bá àwọn gbọ́ ọ. Clémentine tẹ́tí, ó ní, "Tonton, ça va, ó ń dún dáadáa."

Ohun tó bí Rídúwánù nínú gan-an nìyẹn. Òun tí gbogbo ọjà ń gbé ẹ̀rọ wá bá kó fi etí wò ó, òun ni wọ́n wá mú ẹni tó ń ta àga wá dájọ́ fún lórí ohùn.

"Ìwọ Àbúdù," ó wí, "ayédèrú lo fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ. Láti ọgbọ̀n ọdún lo ti ń tà á fún àwọn tí kò mọ̀. Kò yẹ kó o tà á fún ẹni tó mọ̀."

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí yíjú sí wọn. Àwọn Yorùbá àárín wọn kò tíì ronú dé orí ọ̀rọ̀ ayédèrú náà. "Ìwọ" yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

Àbúdù bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú, ó tún un dé. "Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Rídúwánù?"

"Ìwọ ni."

Àbúdù dá owó rẹ̀ padà fún un. Ó kó àpótí náà àti wáyà rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó nà án sí i. "Mú un lọ pẹ̀lú. Mi ò lè tà á fún ẹlòmíràn mọ́. O ti sọ ohun tó jẹ́ fún gbogbo ọjà."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Rídúwánù ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Àbúdù lẹ́yìn pákó, á ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Ó rí i pé àwọn tó máa ń dúró ní iwájú Àbúdù ti ń dín kù. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òtítọ́ lòun sọ, pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wojú ẹnikẹ́ni. Ó tilẹ̀ wá wù ú kó fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀.

Ọ̀nà tó fẹ́ gbà rí ẹ̀rí náà kò ṣòro. Ó ní ohùn kan tó fi ń dán sípíkà wò: á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá bí ìgbà tí màlúù ń kùn, á máa gòkè, á máa tínínrín sí i, títí yóò fi dà bíi ti ẹ̀fọn létí. Ó da ohùn náà sórí clé. Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ Sátidé kan, tí Nàfísátù ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ lórí àga, ó so àpótí náà, ó ní, "Wàá ṣe ẹlẹ́rìí mi. Fetí sí ibi tó ti máa gé ohùn."

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀. Ó gòkè. Ó ń tínínrín lọ. Ó wá dákẹ́.

"O rí i?" ni Rídúwánù wí. Ó yíjú padà. "Ibẹ̀ ló ti gé e. Ohùn yẹn ṣì kù lọ, àpótí yìí ló pa á."

Nàfísátù ti gbé àtẹ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ojú rẹ̀ sì ká kò. Ní òde, ajá aládùúgbò ń gbó. Rídúwánù rí i láti ojú fèrèsé bó ti ń gbórí sókè.

"Ẹ pa á, ẹ jọ̀ọ́," ni Nàfísátù wí. "Ó ń gún mi létí."

"Kí ló ń gún ọ létí? Kò sí ohun tó ń dún."

"Bàbá Àìná, ó ń dún."

Ó wo obìnrin náà. Ó wo sípíkà. Ó lọ síbẹ̀, ó fi ìka kan ẹnu rẹ̀ kékeré tí ohùn tínínrín ń gbà jáde, ó rí i pé ó ń gbọ̀n. Ó fi etí kàn án. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìka rẹ̀ ń gbọ́, etí rẹ̀ kò gbọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ohùn náà fi parí, ó sì mọ̀ pé ó ti parí nítorí pé Nàfísátù gbé ọwọ́ kúrò létí.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" ló béèrè.

Nàfísátù tún gbé àtẹ rẹ̀ sórí itan. "Ó tó ọdún méjì. Fóònù yín á máa dún, ẹ ò ní gbé e. Màá pè yín láti ilé ìdáná, ẹ ò ní dáhùn."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní èmi ni mi ò sọ̀rọ̀ sókè."

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Rídúwánù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn wáyà rẹ̀. Ó wá rántí àwọn oníbàárà tó gbé rédíò padà wá lọ́dún tó kọjá pé ó ń han àwọn létí. Ó ti lé ẹni méjì lára wọn. Òun ló ń yí ohùn tínínrín rédíò wọn sókè, tó ń wá ohun tí etí rẹ̀ kò lè gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí Àbúdù, ó sì bo ojú.

Ẹ̀yin náà á sọ pé kó dìde lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Nàfísátù sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Bó bá sọ fún Àbúdù pé etí òun ló bàjẹ́, ọjà yóò gbọ́ ọ, ta ni yóò tún gbé ẹ̀rọ wá bá a? Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ lòun yóò lọ, lẹ́yìn ìrun, pé ọjọ́ tó dára ni. Jímọ̀ kan kọjá. Ìkejì kọjá. Nígbà tó wá gba ara rẹ̀ níyànjú, tó jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù kejì, ó bá a ní títì. Ojoojúmọ́ ló ń bá a ní títì, ó rò pé Àbúdù ń yẹra fún òun ni. Clémentine ló sọ fún un.

"Tonton Àbúdù ò yá," ó wí. "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ ò mọ̀?"

Ó gun zém, ọ̀kadà akérò, lọ sí ilé Àbúdù ní Ablogamé. Ìsìlámíyátù, ìyàwó Àbúdù, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Kò bínú sí i, ó ní, "Bàbá Àìná, ẹ káàbọ̀. Àyà rẹ̀ ni. Wọ́n ti gbé e ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n ní kó sinmi." Ó mú un wọ yàrá, ó ní òun ń lọ gbé omi gbígbóná, ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

Àbúdù ti rù. Ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, fáànù kan ń yí lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rídúwánù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ yàrá náà, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "kò sí ohun tó ṣe àpótí náà. Etí mi ni. Mo ti di adití díẹ̀díẹ̀, mi ò mọ̀. Mo bú yín lójú ọjà lórí ohun tí kò sí. Ẹ má bínú. Nítorí Ọlọ́run, ẹ má bínú."

Àbúdù fi ọwọ́ sọ fún un pé kó dìde. Rídúwánù jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Àbúdù wò ó fún ìgbà pípẹ́, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn ti gba ohùn rẹ̀, èémí nìkan ló kù nínú rẹ̀, èémí náà sì ni etí Rídúwánù kò lè gbọ́. Ìró fáànù ló ń gbọ́. Ó tẹjú mọ́ ètè náà, ó rò pé òun rí "Ọlọ́run" níbì kan, ó tún rò pé òun rí orúkọ òun.

Ó yẹ kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́." Òun gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti di adití. Ṣùgbọ́n Àbúdù ti ń mí gúlegúle lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà, Rídúwánù kò sì lè sọ fún ẹni tó ń wá èémí pé kó tún ọ̀rọ̀ sọ. Ó ṣírò pé àdúrà ni. Àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn, kí ni ì bá tún sọ?

"Àmín, Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Àmín."

Àbúdù gbójú sókè. Ó tún sọ nǹkan kan, kúkúrú, ó sì gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀, ó ń dúró de èsì.

Rídúwánù kò mọ ohun tó béèrè. "Àmín," ó tún wí.

Àbúdù wò ó díẹ̀ sí i, ó wá pa ojú dé. Ìsìlámíyátù wọlé pẹ̀lú omi. Rídúwánù ṣèlérí pé òun àti Nàfísátù yóò padà wá lọ́jọ́ Àìkú, ó sì jáde. Ọ̀rọ̀ tó béèrè yẹn bá a délé. Ó pinnu pé lọ́jọ́ Àìkú, òun yóò ní kí Nàfísátù jókòó tì í, kó máa tún ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n sọ sókè fún òun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni Àbúdù kú. Wọ́n sin ín kó tó di ìrọ̀lẹ́, bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀. Níbi ìrun òkú, ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Rídúwánù ń wò kó tó mọ ìgbà tí Lèmọ́ọ̀mù kábàrà.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó rí àyè bá Ìsìlámíyátù sọ̀rọ̀. "Ìyá Múrítàlá," ó wí, "lẹ́yìn tí mo lọ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó sọ nǹkan nípa mi?"

Obìnrin náà ronú. "Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ó kàn ní, 'Rídúwánù wá.'"

"Báwo ló ṣe sọ ọ́?"

"Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni."

"Ṣé ó bínú? Ṣé ó rẹ́rìn-ín?"

"Ó rẹ̀ ẹ́, Bàbá Àìná," ni Ìsìlámíyátù wí.

Rídúwánù lọ sọ ọ́ ní ọjà fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Clémentine, ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bú Àbúdù, ó ń sọ pé irọ́ lòun pa, pé etí òun ló ti kú. Àwọn kan ní kó má da ara rẹ̀ láàmú mọ́. Àwọn kan kàn mi orí. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ohun tó ti lọ nínú etí náà kò lè padà. Ó fi iṣẹ́ títún rédíò ṣe sílẹ̀. Bí Nàfísátù bá ní kó fọkàn balẹ̀, pé Ẹ̀gbọ́n ti dárí jì í, á ní, "Ìwọ náà ò sí níbẹ̀."

Títí di òní, ó ń lọ sí Hédzranawoé láàárọ̀. Ó bá Ìsìlámíyátù yọ pákó àárín yẹn kúrò, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń ta ohun tí Àbúdù fi sílẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kan dára, Rídúwánù ló ń so wáyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, á sún sẹ́yìn, á ní, "Ìyá Múrítàlá, ẹ bá mi gbọ́ ọ." Ìsìlámíyátù á tẹ́tí. Bó bá ní ó dún, á dì í fún oníbàárà.